Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Ṣí Ibú Èèwọ̀

Òjò ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ sórí òkè Barisan, síbẹ̀ odò abúlé ń fà. Ohun tó ń ba Rosmaniar lẹ́rù nìyẹn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó ti ń fọ aṣọ létí omi yìí, ó mọ ìrìn rẹ̀. Ilẹ̀ igbó ló máa ń kọ́kọ́ mu òjò yó. Èyí tó kù á ṣàn sínú àwọn odò kéékèèké mẹ́fà, àwọn yẹn á tú u sínú odò ńlá, tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, ó ti dé abẹ́ afárá. Òjò ìjẹta kò tíì dé. Níbo ló wà?

Ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Òní ni wọ́n fẹ́ ṣí ibú èèwọ̀, tí wọn kò pẹja níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, nítorí ẹni tó bá jí ẹja ibẹ̀ jẹ, ikùn rẹ̀ á wú. Omi ti fà débi pé ẹ̀yìn ẹja ń hàn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: tọmọdé tàgbà ti ká ṣòkòtò sókè. Wọn kò gọ̀ o, ẹja ló gba ojú wọn. Datuk Bahtiar, olóyè wọn, àbúrò kan ṣoṣo tí Rosmaniar ní láyé, ni wọ́n ń dúró dè kó ju àwọ̀n àkọ́kọ́ kí wọ́n tó wọ omi.

"Bahtiar, má ju àwọ̀n yẹn," ni Rosmaniar wí. "Omi kì í dédé sọnù. Gbogbo igi tí wọ́n gé sílẹ̀ lókè yẹn ti dí i lọ́nà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti dé. Odò kún, ẹ pariwo. Odò fà, ẹ pariwo. Àbí ká máa fi ife wọ̀n ọ́n fún yín ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Màmá, ẹ lọ gbé ìkòkò kaná, ẹja ń bọ̀!"

Rosmaniar bu omi sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń rùn bí ilẹ̀ sàréè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó mọ inú fùfù Bahtiar. Ó mọ̀ pé tí òun bá fi nǹkan rẹ̀ sá lọ, á lé òun débikíbi. Ló bá já àwọ̀n gbà léjìká rẹ̀, ó sì kọrí sí òkè mọ́sálásí.

"Ẹ mú wọn! Àwọ̀n o! Orí ìyá yìí ti yí!" ni àwọn èrò ń pariwo.

Gbogbo abúlé tú tẹ̀lé e, agbọ̀n lórí, èébú lẹ́nu. Ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ni wọ́n ti bá a, tó ń mí hẹlẹ.

Ìgbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í hó lókè, kò sì dákẹ́ bí àrá ṣe ń dákẹ́. Igi ló kọ́kọ́ yọ, tigbòǹgbò tigbòǹgbò, kí omi tó dé. Ó gbé afárá, ó gbé ibú àti etí rẹ̀ méjèèjì.

Rosmaniar ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bahtiar dà?"

Ọkùnrin kan tó ti di etí àwọ̀n mú lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbójú sókè. "Datuk ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn á jókòó létí omi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni yín, ká má fipá gbà á lọ́wọ́ yín."