Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn Dunarvie

Ẹ má pe Bethoc ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú mi o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da àgùntàn nínú àwókù Dunarvie, tẹ́ ẹ ń jí òkúta rẹ̀ kọ́lé, ta ló wà níbẹ̀ nínú yín lọ́jọ́ náà?

Láti ìgbà ìrúwé làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dó ti ilé olódi etí òkun yẹn. Ebi ti mú kí àwọn tó wà nínú ilé pa ẹṣin wọn jẹ tán. Bethoc, opó olórí ilé, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá Ralf, ọ̀gágun ọ̀tá, dá májẹ̀mú bí àṣà ogun: tí ìrànwọ́ ò bá gba ẹnu ọ̀nà orí ilẹ̀ wọlé kí oòrùn ọjọ́ ọdún Jòhánù Mímọ́ tó wọ̀, òun á ṣílẹ̀kùn, kálukú á sì máa lọ láàyè. Ó fi Gilbride, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, dógò lọ́dọ̀ Ralf.

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ kan yọ láti inú kùrukùru, ó já àgbá ìyẹ̀fun sí ẹnu ọ̀nà etí òkun. Inú Malise, ẹ̀gbọ́n ọkọ Bethoc, dùn kọjá ààlà. Bí wọ́n ṣe fi ìyẹ̀fun náà ṣe búrẹ́dì tán, kí Bethoc tó dá a dúró, Malise ti gun orí odi, ó ń ju búrẹ́dì gbígbóná lu àwọn ọ̀tá.

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin alápámáṣiṣẹ́! Ìrànwọ́ ti dé, a ò ṣílẹ̀kùn mọ́!"

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ju oúnjẹ láti orí odi ti kọ májẹ̀mú nìyẹn. Ralf ní kí wọ́n ri igi ìyẹgi mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n mú Gilbride jáde tòun ti okùn lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí?" Bethoc di apá Malise mú. "Ọ̀nà orí ilẹ̀ la sọ. Omi lọkọ̀ yẹn gbà!"

"Ìhàlẹ̀ lásán ni. Tí wọ́n bá sì pa á, ikú akọni ló kú. Odi àwọn bàbá wa rèé, ìyàwó. Kó kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọrùn yín kọ́ lokùn wà. Àbí ẹ̀yin lẹ rọbí ẹ̀?"

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, mi ò ní parọ́. Oòrùn ti ń kan omi. Malise fa ìborí Bethoc ya lẹ́yìn, Bethoc ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn síta.

Ralf pa àdéhùn mọ́: kò pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ wọ́n dáná sun òrùlé, wọ́n wó odi. Àwókù tẹ́ ẹ ń wò nìyẹn.

Gilbride já okùn sọnù, ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Ta ní kẹ́ ẹ ṣí i? Mo ti gbà láti kú! Ẹ ti dójú tì mí títí ayé. Mi ò ní dárí jì yín láéláé, ẹ gbọ́?"

Bethoc na ọwọ́ kan ibi tí okùn ti bó o lọ́rùn. Gilbride gbọn ọwọ́ náà dànù.

"Máa bínú, ọmọ mi," ìyá rẹ̀ ní. "Bínú sí mi dáadáa. Òkú kì í bínú."