Àpótí Ìbò Nílé Ìdáná

"Má tú gbogbo rẹ̀ fún wọn o." Alága di ògbufọ̀ lápá mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò mẹ́ta tó ń kọjá wọlé. "Tí àwọn ará ìlú bá bú mi, ìwọ sọ pé wọ́n ń dúpẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Kí ni ìbá tún sọ? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni ògbufọ̀ ti ń gbé lọ́dọ̀ Alága. Òun ló rán an lọ kọ́ èdè àwọn àlejò yìí, òun náà ló fi í ṣe ògbufọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá lé e jáde, kò ní ibòmíì tó máa forí pamọ́ sí.

Ọ̀nà jíjìn làwọn àlejò ti wá. Ìjọba wọn ń ran orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ kí àwọn ará ìlú lè máa fi ìbò yan ẹni tí yóò ṣàkóso wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ ò dé ibì kankan. Lẹ́tà ni ìjọba fi yan Alága sórí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dún méje sẹ́yìn, lẹ́tà náà ni wọ́n sì fi ń fi kún ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìbò ńkọ́? Wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń fi rìn.

Ìyá Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ dìde. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

"Ọmọ mi," ó kọjú sí ògbufọ̀, "bá mi sọ fún wọn pé àpótí ìbò tí wọ́n kó wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a ò fojú kàn án rí. Àwọn tó mọ̀ ní ẹ̀wà ni wọ́n ń kó sí i nílé Alága."

Ẹ̀rín sọ lápá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ògbufọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òun fúnra rẹ̀ ti fi ife bu ẹ̀wà nínú ọ̀kan lára wọn. Àpótí tó mọ́ gaara ni, èèyàn ń wo inú rẹ̀ láti ìta, ìyàwó Alága sì máa ń yìn ín pé kòkòrò ò lè wọ̀ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ògbufọ̀ ti ń bu ẹ̀wà níbẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan kan.

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Alága ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń kí.

Ògbufọ̀ tú ọ̀rọ̀ náà bí Ìyá Agbẹ̀bí ṣe sọ ọ́. Kò yọ ẹ̀wà kúrò.

Ọ̀gá àwọn àlejò, ọkùnrin gíga kan, dá kálàmù dúró. Ó bi Alága bóyá òótọ́ ni.

"Irọ́ ni!" Alága fò dìde. "Mi ò rí àpótí kankan rí. Tú u fún un!"

Bí ògbufọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ń tú, á sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni onítọ̀hún. Nítorí náà ó ní, "Irọ́ ni. Mi ò rí àpótí kankan rí." Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀. Inú bí i.

"Ohun tí Alága sọ nìyẹn," ó fi kún un ní èdè àwọn àlejò. "Èmi tí mò ń tú u, ilé rẹ̀ ni mò ń gbé. Àpótí mẹ́rin ló wà nílé ìdáná. Mo bu ẹ̀wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí." Ó kọjú sí àwọn ará ìlú, ó tún un sọ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò gbọ́.

Ọ̀gá àlejò kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó ti tẹ̀ wá láti ilé, ó ní òun á fi kún ìròyìn òun. Ló bá ń palẹ̀ mọ́.

"Níbo ló ń lọ?" Ìyá Agbẹ̀bí ò tíì jókòó. "Sọ fún un pé a dúpẹ́ àpótí. Tí kò bá sí àpótí, a ó fi agbọ̀n dìbò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wa ló fẹ́ gbé lọ yẹn. Kó ka ohun tó kọ sí wa létí kó tó lọ."

Kò sẹ́ni tó tíì bèèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ọ̀gá àlejò rí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó kà á, ògbufọ̀ sì tú u. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ wá láti ilé náà ní inú àwọn ará ìlú dùn sí bí ètò ìbò ṣe ń lọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" bíríkìlà kan pariwo. "Kó fagi lé e!"

Ọ̀gá àlejò fagi lé e.

Alága kọrí sẹ́nu ọ̀nà, ó dé ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì dúró. "Níbo lo máa sùn lónìí?"

Igbe ni ògbufọ̀ ń retí, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jáde dáadáa. Kò tilẹ̀ wo òun. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò, àwọn tí kò tíì yà fún un. Ìgbà náà ló yé e pé ẹ̀rù wọn ń ba ẹ̀gbọ́n òun, ó sì ti ń bà á láti ọdún méje yìí.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ n parí iṣẹ́ mi ná."

Ó padà síwájú, ó ní kí ọ̀gá àlejò ka ìlà kejì.