Orúkọ Tí Mama Christine Ń Jẹ́

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Adéfúnkẹ́ fi jẹ́ Christine, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ti rí orúkọ náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Christine gan-an, ọmọ ìlú Edéa, ló ń fọ ilẹ̀ ní ilé-ìwé gíga kan lọ́nà Yassa, ní ẹ̀yìn Douala ní Cameroon. Aládùúgbò ni òun àti Adéfúnkẹ́. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, ó bẹ Adéfúnkẹ́ pé kó bá òun di ipò òun mú fún oṣù mẹ́ta péré. Adéfúnkẹ́ gba igi ìnulẹ̀, ó gba aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ Christine sí láyà. Christine bímọ tán, ọkọ rẹ̀ kó o lọ sí Yaoundé, ó di gbéré. Ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ìmọ́tótó náà ṣe kò bìkítà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Christine ti wá síṣẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Cameroon ń jà lé lórí, gbóná. Rédíò ń pariwo láàárọ̀ lálẹ́, ọlọ́pàá ń dá àwọn ọmọ Nàìjíríà dúró ní ọjà Sandaga, wọ́n ń béèrè káàdì séjour tí a fi ń gbélùú. Ẹ wá bá mi wò ó o. Ọmọ Ìwó ni Adéfúnkẹ́, kò rí Bakassi rí, kò mọ̀ bóyá ẹja ni wọ́n ń pa níbẹ̀ tàbí akàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò dì mú, wọn kì í béèrè ìyẹn. Bó bá délé, òun àti Mùhúdíìnì ọkọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní ọjà Marché Congo, wọn a sọ Yorùbá tẹ́rùn. Bó bá ti jáde, ó di ará Edéa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọdún yẹn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé tiwọn dé. Stéphane ni olórí wọn, géńdé gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n ní àwọn ti rí i pé orí ìdúró ni àwọn tó ń fọ ilẹ̀ ti ń jẹun ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́, pé wọn kò ní ìbọ̀wọ́, wọn kò sì ní ìwé kankan tó sọ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú òṣìṣẹ́ kan. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọn yóò jọ fọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, wọn yóò sì jọ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé.

Adéfúnkẹ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní eré ọmọdé ni, pé kí òjò tó dá, ilé ìgbẹ́ á ti sú wọn. Òjò dá, ilé ìgbẹ́ kò sú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Christine láìwo ìwé.

Ìwàlọlá ni akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. New Bell, àdúgbò kan ní Douala, ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé, Yorùbá rẹ̀ sì ń tiro. Nígbà tí Adéfúnkẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, ó mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ ilẹ̀ ẹ́ nù. Ó máa ń da omi sílẹ̀ tán kó tó rántí pé orí rẹ̀ lòun yóò gbà kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó yọ̀, ó fìdí balẹ̀ gbì.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi,” ni Adéfúnkẹ́ wí.

Ọ̀rọ̀ ti jáde, kò ṣeé kó mọ́. Ọmọ náà jókòó sínú omi, ó ń wò ó.

“Mama, ẹ… ẹ ń gbọ́ Yorùbá?”

“Dákẹ́. Rọra sọ̀rọ̀.”

Ó fà á wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwàlọlá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Òótọ́ ló sọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ló jẹ́jẹ̀ẹ́, orúnkún kò sí níbẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Adéfúnkẹ́ dúró ti Alphonse, ọ̀gá àwọn afọlẹ̀, ó ń gba ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwàlọlá wọlé pẹ̀lú ìwé lápá. Bó ṣe rí Adéfúnkẹ́ báyìí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, bí bàbá rẹ̀ Ọlárìndé ṣe kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa ṣe fún àgbà. Ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Alphonse ti bá àwọn Yorùbá gbé àgbàlá kan náà rí ní New Bell. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà, ó wá wo Adéfúnkẹ́.

“Christine ará Edéa,” ló wí, “láti ìgbà wo ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kúnlẹ̀ kí ọ? Mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí o kò bá rí i mú wá, má wulẹ̀ wá. Mo mọ àwọn tí mo máa júwe ilé rẹ fún.”

Nígbà tí Ìwàlọlá gbọ́, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Inú bí Adéfúnkẹ́, inú bí i gan-an, ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti bá ọmọ náà jà?

“Ṣé kí n bú ẹ pé o ní ẹ̀kọ́ ilé ni?” ló bi í. “Nu ojú ẹ.”

Mùhúdíìnì ní kí àwọn di ẹrù, kí àwọn padà sí Ìwó kí ọlọ́pàá tó dé. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Adéfúnkẹ́ jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ronú sí i.

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ ilé yẹn,” ló wí. “Bí mo bá lọ báyìí, Christine ló fọ̀ ọ́.”

Ní Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ máńgòrò, Stéphane ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Adéfúnkẹ́ mú pẹ́ńsù. Ó bẹ Ìwàlọlá kó kọ orúkọ òun gan-an sórí ilẹ̀ fún òun, ó sì ń wò ó kọ ọ́ sórí lẹ́tà náà. Kò kọ Christine. Nígbà tó parí, ó gbójú sókè, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo wọn, nítorí àṣírí yẹn ti sú u, ó sú u dé ọkàn.

Mama Monique, tó máa ń fọ yàrá ìkàwé, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Ta ló sọ fún yín pé Monique ni mí? Àbúrò mi ló ń jẹ́ Monique.”

Ọkùnrin kan ní orúkọ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń lò. Ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rìnlá, mẹ́jọ ló ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, ọmọ Cameroon sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, bó bá ṣàìsàn, báwo ni yóò ṣe béèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn? Stéphane tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ sinmi lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní dá dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba igba orúkọ jọ sẹ́yìn lẹ́tà náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alphonse ṣí ìwé orúkọ ní àgbàlá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

“Christine.”

Ìwàlọlá di ọwọ́ Adéfúnkẹ́ mú.

“Christine kò sí,” ni Adéfúnkẹ́ wí. “Ó wà ní Yaoundé. Adéfúnkẹ́ ni mò ń jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, èmi ni mo sì ń fọ ilé yìí láti ọdún mẹ́sàn-án.”

Alphonse sáré pe orúkọ tó tẹ̀ lé e.

“Monique.”

“Kò sí,” ni Mama Monique dá a lóhùn, níwájú rẹ̀ gan-an.

Mẹ́jọ ni kò sí, gbogbo wọn ló sì dúró síbẹ̀. Ariwo yẹn ló mú ọ̀gá ilé-ìwé jáde, obìnrin kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Stéphane na lẹ́tà náà sí i. Ó kà á, ó tún un kà.

“Ta wá ni ó ń fọ ọ́fíìsì mi?” ló bi Alphonse.

“Èmi ni, Madame,” ni Adéfúnkẹ́ wí.

Ọ̀gá náà wò ó pẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń rí i, kò sì bi í rí pé kí lorúkọ rẹ. Ojú tì í, ó sì hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò, igba akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé àwọn kò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò bí wọ́n bá lé ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní lọ. Kí ilé-iṣẹ́ náà kọ ìwé tuntun ní orúkọ tí kálukú ń jẹ́, òun fúnra òun yóò sì fọwọ́ sí èyí tí Adéfúnkẹ́ yóò fi gba káàdì séjour.

N kò ní purọ́ fún yín, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló bọ́ sí i. Ìbọ̀wọ́ dé kíá, àga kò dé títí di ẹ̀ẹ̀rùn, Alphonse kò sì yéé fajú ro. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan, aṣọ iṣẹ́ tuntun dé, Adéfúnkẹ́ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i láyà fúnra rẹ̀.

Ó wọ̀ ọ́ lọ fọ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwàlọlá àti Stéphane wọlé. Ọmọbìnrin náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ èyí tí yóò ṣe.

“Kí lò ń wò?” ni Adéfúnkẹ́ wí, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ sókè ketekete. “Kúnlẹ̀ kí o kí mi dáadáa.”

Ìwàlọlá kúnlẹ̀. Stéphane náà kò fẹ́ gbẹ́yìn, ó ń kúnlẹ̀ bọ̀.

“Rárá o,” ni Adéfúnkẹ́ wí. “Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tìrẹ.”

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Géńdé náà na ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ.

“Ẹ káàárọ̀, Mama Adéfúnkẹ́,” ló wí, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Adéfúnkẹ́ jẹ́ ìpè náà.