Ẹ̀rín-ò-tán Padà Sórí Ìtàgé

Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀, táì ọrùn rẹ̀ tó wọ́ sápá kan ni Ẹ̀rín-ò-tán ń wò.

"Ètò yín parí lónìí, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó wà lókè ló pàṣẹ. Ẹ má bínú."

Ó ní kò burú. Bí omi ẹ̀yìn igbá lọ̀rọ̀ náà ṣàn kúrò lára rẹ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe atọ́kùn ètò ìrọ̀lẹ́ fún gbogbo agbègbè náà. Òṣèré orí ìtàgé ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni tẹlifíṣàn fi sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Bó bá ti ní "Ẹ kú ìjókòó," tó rẹ́rìn-ín, kódà aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì á bá a rín in. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹ̀rín-ò-tán; orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ń pè.

Lọ́jọ́ náà, ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dìgbóṣe. Obìnrin tó máa ń bá a kun ojú ló sunkún. Ẹ̀rín-ò-tán nu àtíkè kúrò, ó gbé báàgì, ó lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ń ká aṣọ ní pálọ̀.

"Wọ́n ní kí n lọ sinmi."

"Sinmi kẹ̀? Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ẹ́?" Ó wò ó títí. "Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Láwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lè wọ bàtà ẹsẹ̀ kan kó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ìbànújẹ́ kọ́. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè pè lórúkọ.

Olùdarí eré kan tí wọ́n jọ ṣòṣèré nígbà èwe ló wá pè é. Ipa kékeré ni: bàbá tó wá gbé òkú ọmọ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní, "Èmi ni mo bí i."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe gbẹ́sẹ̀ sórí ìtàgé báyìí, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Ọmọbìnrin tó kó ipa òkú ọmọ náà ń fi aṣọ pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu, ikùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín-ò-tán dúró. Nígbà tí wọn ò dákẹ́, ó sọ gbólóhùn rẹ̀ sínú ariwo, ó jáde.

"Ẹjọ́ ẹ kọ́," olùdarí sọ fún un. "Wọn ò lè rójú ẹ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Màá fi ẹlòmíràn rọ́pò."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Jẹ́ n wọlé lọ́la."

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ òkú náà mú. Wọ́n rín in, wọ́n rín in, ẹ̀rín ń tán lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kan láàárín èrò ní, "Ẹ dákẹ́ jàre." Ìgbà tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́ ló tó sọ pé, "Èmi ni mo bí i."

Lẹ́yìn eré, ọmọbìnrin náà ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. "Ẹ fún ọwọ́ mi gan-an o, sà."

Ó tọrọ àforíjì. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jọ rìn lọ díẹ̀.

"Mo sunkún," ẹ̀gbọ́n sọ. "Ìwọ ńkọ́?"

"Rárá."

"Ṣé wàá tún lọ lọ́la?"

"Màá lọ."

Bàtà ń ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, Ẹ̀rín-ò-tán sì gba báàgì rẹ̀, ó gbé e lé itan.