Ẹsẹ̀ Kúrámò

Kí àìsàn tó dá Jíbrílù jókòó, kò sí ẹni tí ó lè ṣi ìtàn ẹṣin sọ níwájú rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan kí ó má tún un ṣe. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ó fi tọ́jú ẹṣin ní Résì Kọ́ọ̀sì, pápá eré ẹṣin Èkó, kí ìjọba tó sọ pápá náà di gbàgede Táfáwá Bàléwà. Ó mọ ẹṣin tí ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ìpá, ó mọ èyí tí kì í mu omi àná. Bí ẹnìkan bá ní ẹṣin funfun ló gba ife lọ́dún báyìí-báyìí, Jíbrílù á gbé ṣíbí kalẹ̀, á ní, "Rárá o. Aláwọ̀ eérú ni. Mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà."

Lọ́dún 1988, bí ó ti ń ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà, kẹ́tù omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Ọ̀rọ̀ tún ti lọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Jíbrílù ní láyé, gbólóhùn kan péré ló kù sí i lẹ́nu: "Ó dáa." Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "Ó dáa." Bí èèrà bá ń ta á lẹ́sẹ̀, "Ó dáa." Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ ni ó ń gbọ́, èsì rẹ̀ á sì tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ọkàn rẹ̀, títí yóò fi dé ẹnu. Ẹnu ni ó ti ń bàjẹ́.

Ganiat ọmọ rẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin yìí ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípì fún àwọn aránṣọ ní ẹnu ọ̀nà ilé. Láràárọ̀ ni ó máa ń gbé baba rẹ̀ sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ojú ni ó fi ń ka ohun tí ó ń fẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń kà á bó ṣe yẹ.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Dáfídì máa ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Lafiaji. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi gun ẹṣin. Jọ́kì ni nígbà ayé Résì Kọ́ọ̀sì, ó sì tó ọdún mẹ́wàá tí Jíbrílù fi jù ú lọ. Sátidé ni ó yàn nítorí pé ọjọ́ eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀. Yóò kí Ganiat, yóò fa àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, yóò ní, "Bọ̀dá Jíbrílù, ẹ jẹ́ ká lọ wo eré." Wọn yóò sì lọ, nínú ìtàn ẹnu Dáfídì.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Abo ẹṣin tín-ín-rín kan ni, ọkọ̀ òkun ni ó gbé e wá láti ìlú òyìnbó. Ó wà lára àwọn tí òyìnbó ń pè ní tọ́róbúrẹ́ẹ̀dì, àwọn tí baba ńlá wọn kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju eré sísá lọ. Orúkọ òyìnbó tí ó bá wá gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, ni àwọn olùtọ́jú ẹṣin bá sọ ọ́ ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìrèké ni ó fẹ́ràn. Bí Jíbrílù bá fi ìrèké pamọ́ sẹ́yìn, yóò gbé orí lé e léjìká, yóò máa mí sí i létí títí yóò fi mú un jáde. Ọ̀gágun ni wọ́n máa ń bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀, akọ dúdú tí kò fẹ́ rí agbòjò. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó òyìnbó kan ṣí agbòjò nítòsí rẹ̀, Ọ̀gágun fò kọjá ọgbà, ó sì sá dé ẹ̀bá ọ̀sà. Jíbrílù rìn lọ bá a láìmú okùn lọ́wọ́, ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ rìn padà bí ọ̀rẹ́ tó ń ti ọjà bọ̀.

Bí Dáfídì bá ń sọ gbogbo èyí, ara Jíbrílù a máa yá. Á gbọ́ òórùn koríko tútù, á gbọ́ bí pátákò ẹṣin ti ń lu ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èrò yóò sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Dáfídì a máa ṣi àwọ̀ sọ, a máa ṣi ọdún sọ, kò sì sí bí Jíbrílù ṣe lè tún un ṣe. Ó fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá fún ẹni tí ebi ń pa, a kì í bá a jà nítorí iyọ̀.

Ẹṣin kan wà tí Dáfídì kì í dárúkọ. Kúrámò ni.

Ní oṣù Fẹ́búárì 1990, ọmọbìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan wá sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì ń kọ nípa Èkó àtijọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn ẹṣin Résì Kọ́ọ̀sì bíi Bàbá Jíbrílù. Ẹni tí ó júwe ilé fún un kò sọ fún un pé ara bàbá kò dá mọ́, pé kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, Dáfídì sì wà ní ìkàlẹ̀. Ganiat ń ka sípì fún aránṣọ kan lójú títì, ó kàn nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àlejò pé kí ó máa wọlé.

Ìbídùn kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí mìíràn. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, nínú gbogbo ẹṣin tí ẹ rí, èwo ló dára jù?"

Dáfídì wo ẹ̀rọ náà títí. Ó ní, "Kúrámò."

Jíbrílù yíjú sí i. Ó ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí ó ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu Dáfídì gbẹ̀yìn.

Dáfídì sì sọ ọ́ dáadáa, a kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ bí awọ ẹṣin náà ti pupa tí ó sì ń dán bí epo tuntun, ó sọ ti àmì funfun tí ó ní níwájú orí. Ó ní bí Kúrámò bá ń rìn lọ síbi ìlà, ńṣe ni yóò máa wo àwọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ojúlùmọ̀. Ó ní, "Bí mo bá tú ìjánu sílẹ̀ fún un, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ariwo á lọ. Èmi àtòun nìkan ló kù láyé." Omi dé ojú Jíbrílù. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí pé òun kò lè sọ̀rọ̀.

Ìbídùn ní, "Kí ló wá gbẹ̀yìn ẹ̀?"

"Ife ńlá ọjọ́ Kérésì, lọ́dún 1957, òun ló gbà á. Bó ṣe kọjá òpó ìparí tán, ẹsẹ̀ ẹ̀ dá. Wọ́n ní láti yìnbọn fún un."

"Àbí ẹsẹ̀ náà ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ ni?"

Dáfídì fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún rẹ̀. "Ẹni tó ni ẹṣin bi olùtọ́jú ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Olùtọ́jú ní ó dáa."

"Ta ni olùtọ́jú ọ̀hún?"

Dáfídì kò gbójú sókè. Ó fi àgbọ̀n júwe àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àwọn nìyẹn."

Irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jíbrílù kúnlẹ̀ nínú ilé ẹṣin, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì iwájú, nísàlẹ̀ orúnkún, ibẹ̀ sì gbóná bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ bá ọ̀gá tó ni ẹṣin, Kòráà kan, oníṣòwò Lárúbáwá tí ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ yìí gbóná. Ẹ má jẹ́ kó sáré lónìí." Ọ̀gá yíjú sí Dáfídì tí ó ti gun ẹṣin náà káàkiri pápá ní ìdájí. Dáfídì jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, kò sì tíì gba ife ńlá rí. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá. Ó fúyẹ́ lábẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ jọ́kì ni ọ̀gá gbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà dá, ó dún bí ọparun gbígbẹ. Jíbrílù ni ó sáré wọ pápá, òun ni ó gbé orí Kúrámò lé itan. Títí òyìnbó oníbọn fi dé, ẹṣin náà ń fi imú wá ṣúgà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Jíbrílù kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí Dáfídì wí fún ọ̀gá. Ó rò pé ojú Dáfídì tí ó rí ikú ẹṣin náà ti jìyà tó.

Nísinsìnyí ó kó gbogbo agbára tí ó kù lára rẹ̀ jọ. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni, "Irọ́ ni! Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ó dáa," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Ìbídùn yíjú sí i jẹ́jẹ́. "Ṣé ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, Bàbá?"

"Ó dáa! Ó dáa! Ó dáa!"

Ọmọbìnrin náà tẹrí ba, àánú bàbá ṣe é. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Dáfídì mọ̀. Ó tó ọdún méjì tí ó ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn yẹn. Ì bá ti sọ fún ọmọ náà pé, "Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn." Kò sọ ọ́. Jíbrílù fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀rọ náà, ó jábọ́, Ganiat sì sáré wọlé. Ó rò pé ó ti rẹ baba òun. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àlejò, ó sì gbé baba rẹ̀ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Ìbídùn lọ tán, Dáfídì wọ yàrá. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Bọ̀dá Jíbrílù, mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú mi pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mo máa ń rí ẹnu yín." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Jíbrílù mọ ohun tí ẹnu òun yóò sọ bí òun bá là á. Ó fi eyín ti eyín. Ó pa ètè dé, ó pa á dé pinpin, títí itọ́ fi ń dà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ti kú. Dáfídì dúró, ó dúró. Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé ìròyìn dé. Ganiat ra ẹ̀dà méjì. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n kọ orúkọ baba òun, ó sì kà á fún un sókè ketekete, dé ibi tí wọ́n ti ní olùtọ́jú àgbà náà jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ tomijé-tomijé. Ó ní, "Ẹ má ronú, Bàbá. Ta ni kì í ṣèṣì?" Ó fi lẹ́ẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Jíbrílù bá na ọwọ́ òsì sí ìwé náà, tí ó ń fẹ́ kí ó ya á, Ganiat á ní, "Ẹ fẹ́ kí n tún un kà?" Á sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò, Àlùfáà Bashiru, wá jókòó tì í. Ó ní Ọlọ́hun máa ń dárí ji ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, àní lórí ọ̀rọ̀ ẹranko pàápàá. Ó gba àdúrà gígùn fún un. Jíbrílù ń wò ó lójú. Àwọn aládùúgbò náà ń kọjá, wọ́n ń kí i pẹ̀lú ohùn rírọ̀ tí a fi ń kí ẹni tí a ti yọ́nú sí. Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, gbogbo ènìyàn ni ó ti forí ohun tí kò ṣe jì í.

Sátidé méje kọjá, Dáfídì kò yọjú. Ìyẹn gan-an ni ó wá ń pa Jíbrílù jù. Nígbà tí inú ń bí i, ó rò pé òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé gùn. Ó máa ń gbìyànjú láti dá lọ wo eré náà nínú orí ara rẹ̀, á sì bá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé ibi ìlà, kò sì ní sí ohùn tí yóò sọ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù tí wọ́n mọ àwọn ẹṣin náà ti kú.

Ní Sátidé kẹjọ, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Dáfídì wọlé pẹ̀lú omi lára. Ganiat fún un ní aṣọ ìnura, ó bá a wí díẹ̀ pé ó pẹ́ kó tó wá, ó sì padà sẹ́nu ọjà rẹ̀. Dáfídì rí ìwé lára ògiri. Ó kà á tán, ó fa àpótí, ó jókòó. Jíbrílù ń retí rẹ̀. Ó retí pé yóò ní kí àwọn lọ wo eré, pé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibikíbi, kí ó tilẹ̀ ṣi gbogbo rẹ̀ sọ. Ó fi ojú bẹ̀ ẹ́. Dáfídì mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan mọ́, ó gbé e sórí itan, ó ń fi ìka pa á títí wọ́n fi pe ìrun àìlà.

Láti ìgbà náà ni ó tún ti ń wá ní gbogbo Sátidé. Ó máa ń sọ ti oòrùn, ti owó epo, ti ọmọ rẹ̀ Sámúẹ́lì tó ń wáṣẹ́ kiri. Kò dárúkọ ẹṣin kankan mọ́. Bóyá ó rò pé àánú ni òun ń ṣe Jíbrílù. Kò sì sí ọ̀nà tí Jíbrílù lè gbà tọrọ ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀.