Àtè Aláǹgbá Ìsun

Ẹja alẹ́ àná ṣì wà nínú ikùn mi nígbà tí mo gun òkè lọ bú Corbett Shope ní olè. Kí n tètè jẹ́wọ́: orúkọ tí mo pè é lójú ìyàwó rẹ̀ kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ìdí mi ń mì bí ti tòlótòló bí mo ṣe ń jà káàkiri àgbàlá wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo rí ná. Láàárọ̀ yẹn, mo lọ wo aláǹgbá ìsun mi ní àfonífojì ẹ̀yìn ilé. Aláǹgbá là ń pè é lásán. Kò ní ìpẹ́, kò ní ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara rẹ̀ tútù ló fi ń mí. Ó dúdú, ó wá ní àmì funfun wínníwínní bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára. Láti ìgbà tí ooru ti mú ló ti ká ara mọ́ ẹyin rẹ̀ lábẹ́ igi jíjẹrà kan, kò jáde wá oúnjẹ. Èmi tí mo bí mẹ́fà, n kò jẹ́ febi pa ara mi nítorí ìkankan nínú wọn.

Lórí òkè wa, ẹni tó bá yí igi jíjẹrà wo abẹ́ rẹ̀, á dá a padà bó ṣe wà. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àní gbogbo igi àfonífojì ni wọ́n ti yí, tí ikùn wọn kọjú sóòrùn! Ẹyin ti sunkì. Ìyá wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Corbett ló ń ta ìjẹ ìwọ̀ lẹ́bàá títì, kò sì sí ìjẹ tí ẹja fẹ́ràn tó aláǹgbá ìsun. Kí ni mo tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni?

"Olè! Gbé garawa rẹ wá!"

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Màmá, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ àtè ara aláǹgbá wọ̀nyẹn."

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Omi ara aláǹgbá yẹn tó ń fà bí àtè kò ṣeé fọ̀. Á lẹ̀ mọ́ awọ, á kó ìdọ̀tí, á dúdú fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

"Ẹ lọ yẹ ọwọ́ ilé yín wò," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Mo délé, mo bá Hobert, ọkọ mi, nídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ló wọ̀ jẹun, nínú ooru!

"Bọ́ ọ."

"Ọwọ́ ló ń dùn mí."

"Hobert, bọ́ ọ, kí n tó da ẹ̀wà yẹn lé ọ lórí!"

Ó bọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo pariwo títí ajá fi sá wọ abẹ́ ilé. "Abiyamọ tó jókòó ti ẹyin! O ò tilẹ̀ dá igi padà, ìwọ tí wọ́n bí sórí òkè yìí! Nítorí ìwọ̀ lásán-làsàn!" Mo gbá tábìlì, ṣíbí fò.

Hobert jẹ́ kí n bú u tẹ́rùn. Ó nu ẹnu.

"Arvella, ta ló lá egungun ẹja lánàá, tó ní kí n tún padà lọ pẹja?"