Ilẹ̀kùn Tí A Kì Í Tì Lójú Ọba

Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko Ìgbóńlá ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, èmi kọ́ ni mo pè é.

Ìlú tó létò ni Ìgbóńlá. Ẹfọ̀n ni ọba, Òbúkọ ni olórí àwọn ìjòyè. Ọ̀yà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ jù, ni olórí àwọn mọlémọlé. Láàárín ìlú ni gbọ̀ngán ẹjọ́ wà, níbi tí ẹni tí ìyà bá ń jẹ ti ń wá rojọ́ fún ọba. Ṣùgbọ́n ìjòyè kọ̀ọ̀kan ló ti ṣe ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí ilé náà bó ṣe wù ú: wọ́n ń ti òmíràn, wọ́n ń fa òmíràn, wọ́n ń gbé òmíràn sókè. Ẹni tó mọ ọ̀kan kò mọ èkejì. Ọ̀pọ̀ olùpẹ̀jọ́ a máa ti ẹnu ọ̀nà padà sílé, wọn a gbé ìyà wọn mì. Ó ń dun Ọ̀yà wọra.

Nígbà tí òjò wó ilé náà, ọba ní kí Ọ̀yà tún un kọ́, kí gbogbo ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àtẹ̀gùn rẹ̀ wá láti ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó fi kún un pé bí ará ìlú kò bá tún rí i wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, oyè mọlémọlé yóò kúrò ní ìdílé Ọ̀yà títí láé. Ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà.

Ilé méjì ló gbé ọjà wá. Ilẹ̀kùn amọ̀ tó ń dán ni àwọn Ikán gbé wá, pẹ̀lú fèrèsé, àga àti àtẹ̀gùn; kò sí ohun tí wọn kò ní, gbogbo rẹ̀ sì jọra bí ọmọ ìyá. Àmọ́ bí nǹkan bá yẹ̀ lára rẹ̀, àwọn nìkan ló lè tún un ṣe. Ilẹ̀kùn koríko ni ti àwọn Ẹ̀gà. Kò dán, kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ Ọ̀yà ní bí wọ́n ṣe ń hun ún, kó lè máa tú u, kó sì máa tún un hun.

Àṣà kan wà ní Ìgbóńlá: a kì í ti ilẹ̀kùn níbi tí ọba bá jókòó sí. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ yan ọ̀kan nínú gbọ̀ngán tí Ọ̀yà tún kọ́, ṣíṣí gbayawu ni wọ́n to gbogbo ilẹ̀kùn náà sí. Àwọn ìjòyè ń gba inú wọn kọjá, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń yìn.

Òbúkọ dìde, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa náà ló ṣe èyí tó wó. Ẹ wo tàwọn Ikán bó ṣe ń dán. Iyì ilé, iyì ọba ni."

Ìjòyè kan rọra bèèrè láti ìgbà wo ni ikán tí í jẹ ilé ti di ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn Ikán náà rín sí i.

Ọba yíjú sí Ọ̀yà. Ọ̀yà mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè gba oyè lọ́wọ́ òun lójú ẹsẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. A ò tíì rí ilẹ̀kùn kankan láti àárọ̀. Ihò la ń yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ dìde, ẹ bọ́ síta, kí a lè tì wọ́n."

Òbúkọ ní àfojúdi gbáà ni, ta ní í lé ọba síta? Ọba wo Ọ̀yà títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó jáde. Wọ́n ti àwọn ilẹ̀kùn.

Ìdí ti àwọn Ikán ni ọba kọ́kọ́ dé. Ihò kékeré kan ni wọ́n fi ń ṣí i, ara tiwọn ni wọ́n sì fi wọn ihò náà. Ọba ti pátákò bọ̀ ọ́, kò wọ̀. Ó ti ìwo bọ̀ ọ́, kò wọ̀. Àgbà Ikán fi ohùn pẹ̀lẹ́ ké láti inú ilé pé kí Kábíyèsí ṣáà fi ọmọ-ìka yí i díẹ̀. Ọba wo pátákò rẹ̀, kò rí ọmọ-ìka kankan níbẹ̀. Oòrùn sì ń pa á lẹ́yìn.

Nígbà tó wẹ̀yìn, ó rí Ìgbín, arúgbó obìnrin kan, lẹ́bàá ògiri. Ìgbín kí i dáadáa. Ó ní láti ayé gbọ̀ngán àtijọ́ lòun ti ń wá rojọ́.

Ọba bọ́ sí ìdí ti àwọn Ẹ̀gà. Bó ṣe forí kàn án ló gbà fún un, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ há. Ọ̀yà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi eyín tú koríko òkè ilẹ̀kùn, ó tún un hun kó fẹ̀, ọba sì wọlé. Ìgbín rọra forí gbé koríko náà, ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré láti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí àṣà. Ọba ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní títì. Ó ní ti Ẹ̀gà ni ìlú mú, oyè mọlémọlé sì di ti ilé Ọ̀yà pátápátá. Ara Ọ̀yà balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn jọjọ. Òbúkọ pàápàá kí i kú orí ire.

Ọba wá bi Ìgbín pé ẹjọ́ wo ló ń gbé bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹjọ́ ilẹ̀kùn ni, Kábíyèsí," ni Ìgbín wí. "Ó ti tán."

Ó yíjú padà, ó forí ti koríko náà, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.